Ta ló gbé ọ̀rọ̀ yín dé iwájú ọ̀gá? Ẹ wá sọ tiyín

Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù pé ọ̀gá ń ṣọ́ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá tèmi ò tilẹ̀ ní nọ́ńbà mi.

Owó oṣù wa ló pẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kọ ọ́ sí status WhatsApp mi pé, "Òógùn ti gbẹ tán, owó ò tíì dé." Mi ò dárúkọ iléeṣẹ́, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Àfi bí mo ṣe rí status mi lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí wọ́n ṣe ń bá mi wí, òkè bébà yẹn ni mo ń wò. "Ìyá Ìbejì Àkáǹtì" ló wà níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ tí èèyàn bá fi tọ́jú nọ́ńbà ẹni ni WhatsApp máa ń gbé jáde lórí fóònù olúwarẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì, a sì jọ ń jẹun ọ̀sán ni. Bátìrì rẹ̀ tó ti fẹ́ kú náà hàn lókè. (Kò ráyè fi fóònù sójú iná kó tó máa kó ìròyìn lọ!)

Wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mi ò bá a jà o. Mo kàn yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó lè rí status mi, a ṣì ń kíra láàárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

*

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Apá kejì tábìlì yẹn lèmi wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kó orúkọ àwọn tó ń wáṣẹ́ fún mi, wọ́n á ní kí n lọ yẹ Facebook àti Instagram wọn wò. Kì í sábà sí nǹkan nínú ohun táwọn fúnra wọn kọ. Wọ́n ti palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó kọ̀wé. Ohun táwọn ẹlòmíràn kọ nípa wọn ló máa ń tú àṣírí. Obìnrin kan wà tó mọṣẹ́ gan-an, kò fi nǹkan kan síta. Àbúrò rẹ̀ ló lọ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ pé, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ó parí nìyẹn. Mi ò kọ ọ́ sínú àbọ̀ tí mo jẹ́, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Wọn ò pè é.

Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2024 tí X fi like àwọn èèyàn pa mọ́, a máa ń tú ìyẹn náà wò.

*

Èmi, ojúkojú ni wọ́n ti ní kí n ṣí Facebook mi fáwọn, níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ní mi ò ṣí i. Wọn ò gbà mí, kò sì dùn mí rárá. Ní Amẹ́ríkà, láti 2012 ni ìpínlẹ̀ Maryland ti fòfin de agbanisíṣẹ́ tó bá ń béèrè password òṣìṣẹ́, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe é níbẹ̀.

*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dé orí WhatsApp tẹ́ ẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ní Romania, iléeṣẹ́ kan lé òṣìṣẹ́ wọn kan lọ ní 2007. Ọ̀rọ̀ tó bá arákùnrin rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ lórí Yahoo Messenger ni wọ́n tẹ̀ jáde, ojú ewé 45! Ó di 2017 kí Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó dá a láre, torí wọn ò sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé àwọn á máa ka ohun tó bá kọ. Wọn ò ní kí ọ̀gá má ṣọ́ kọ̀ǹpútà tó fowó ara rẹ̀ rà o. Kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni.

Tiwa ti sọ ọ́. Ó wà nísàlẹ̀ ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́tà wínníwínní. Fóònù mi ni mo fi ń kọ èyí, dátà ara mi sì ni.