Wáìnì wo ni yóò bá oúnjẹ tí mo fẹ́ gbé fún àwọn àna wa mu?

Ìyá Ọlá, Àkúrẹ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ní Sátidé tí ń bọ̀ ni àwọn òbí ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa yóò wá kí wa nílé wa ní Alágbàáká, mi ò sì fẹ́ kí irú ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ ìbí ọkọ mi tún ṣẹlẹ̀. Wáìnì pupa ni mo gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, Cabernet Sauvignon láti Gúúsù Áfíríkà, kì í sì í ṣe olówó pọ́ọ́kú. Bí àwọn àlejò ti tọ́ ọ wò ni wọ́n fajú ro, ìyàwó àbúrò ọkọ mi sì ké sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n bá òun wá màlítì, nítorí pé ohun tí mo gbé fún òun jọ àgbo. Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí kò ra igo ọtí kan wá sílé mi rí o, títí kan ọjọ́ tí a sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ, tí èmi ni mo gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Ẹni tí ó ta wáìnì náà fún mi búra pé òun ni àwọn ènìyàn ńlá ń mu. Ṣé kí n gbé èyí tí ó kù kalẹ̀ ni, àbí kí n ra òmíràn?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Ẹ kú ìmúra, Màmá. Ẹ ti ròyìn ìyàwó àbúrò ọkọ yín tán, ẹ kò sì sọ oúnjẹ tí wọ́n jẹ fún wa. Kí ni ẹ sè?

Bàbá Ọ̀bà-Ilé: Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Wáìnì pupa ni ti ẹran, funfun ni ti ẹja. Àwọn baba wa kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọ́n sì fi ọmọ fọ́kọ. Ẹ ra ẹmu.

Ìyá Ìbejì: Nígbà tí a ṣe ìdána ọmọ mi àgbà, èyí tí ó dùn tí ó sì ń hó ni mo rà, kò sí ẹni tí ó ráhùn àfi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó máa ń ráhùn níbi gbogbo. Ẹ ra èyí tí ó dùn, Màmá.

Ìyá Ọlá, Àkúrẹ́: Mo dúpẹ́. Oúnjẹ mi kò ní àléébù rárá. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, àsun tí ata rẹ̀ pé ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tí irú àti edé kún inú rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oúnjẹ yìí kan náà ni n óò sè ní Sátidé.

Agbọ́tí-Hòtẹ́ẹ̀lì: Ibi tí ìjà wà nìyẹn, Màmá. Èèpo àti kóró èso àjàrà ní ohun kan nínú tí a ń pè ní tánnìn, òun ni ó ń mú kí wáìnì pupa pa ẹnu pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ obì. Ọtí inú Cabernet Sauvignon sì sábà máa ń tó ìdá 13 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kí ó lé. Ata àti ọtí a máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti ta ẹnu, irú àti edé a sì máa mú kí tánnìn korò sí i. Ẹni tí ó jẹ àsun tán tí ó wá mu irú wáìnì bẹ́ẹ̀, iná ni ó mu. Ṣúgà díẹ̀ àti ọtí tí kò pọ̀ ni ata ń fẹ́. Ẹ wo wáìnì funfun Riesling ti Jámánì tí iye ọtí tí wọ́n kọ sára igo rẹ̀ jẹ́ ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí Moscato d'Asti ti Ítálì, wáìnì funfun dídùn tí tirẹ̀ máa ń tó 5. Bí ṣúgà èso ṣe ń di ọtí, bí iye náà bá kéré, ó sábà máa ń jẹ́ pé ṣúgà ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ amóhuntutù títí yóò fi tutù dáadáa.

Bàbá Ọ̀bà-Ilé: Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹran mọ́ ni?

Agbọ́tí-Hòtẹ́ẹ̀lì: Ẹran ni, sà. Bí ẹ bá sun ún pẹ̀lú iyọ̀ nìkan, ọ̀rá àti iyọ̀ yóò rọ tánnìn lójú, wáìnì pupa yóò sì bá a mu gan-an. Ata ni a ń bá du ipò, kì í ṣe ẹran. Ẹmu tí ẹ dárúkọ kò sì burú, nítorí pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ dùn, ọtí inú rẹ̀ kò sì tíì pọ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ni yóò ti kan.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Àsun Oǹdó láìsí ata? Ẹ má dá a láṣà, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì: Mo sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó dùn.

Ìyá Ọlá, Àkúrẹ́: Bí mo bá gbé ọtí dídùn fún àna, wọn yóò ní mo fi àwọn ṣe ọmọdé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò lè jẹ́ kí èyí tí ó kù ṣòfò. Inú bùútù ọkọ̀ mi ni páálí rẹ̀ wà láti oṣù Kejì tí mo ti rà á, ibẹ̀ náà ni mo ti mú ti ọjọ́ ìbí, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin inú ilé yìí kì í jẹ́ kí ọtí pẹ́ nílé.

Agbọ́tí-Hòtẹ́ẹ̀lì: Nínú bùútù, nínú oòrùn oṣù Kejì àti oṣù Kẹta? Màmá, ibi tí ó tutù tó ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ń fẹ́ fún wáìnì, bí ooru bá sì ti kọjá 30 fún ìgbà pípẹ́, adùn èso inú rẹ̀ yóò sè, yóò sì kú. Ẹ wo ìdérí rẹ̀ bóyá ó ti yọrí sókè, àbí bóyá wáìnì ti jò sí ara igo. Kì í ṣe májèlé, ẹ sì lè fi rẹ ẹran, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún àna. Ohunkóhun tí ó wà nínú igo yẹn, kì í ṣe ohun tí ẹ rà mọ́.

Bàbá Ọ̀bà-Ilé: Kí ẹ tó sọ èyí, a ti ka òfin wáìnì tán.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Màmá, bí ọtí dídùn bá ń tì yín lójú, ẹ wá wáìnì funfun Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà tí ó dùn díẹ̀, ẹ bu sínú ife gíga, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọtí ọmọdé.

Ìyá Ọlá, Àkúrẹ́: Mo ti lọ wo bùútù. Ìdérí méjì ti yọrí, ọ̀kan sì ti jò sórí páálí. N óò ra Chenin Blanc náà, n óò sì ní kí wọ́n fi ẹmu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí Bàbá Ọ̀bà-Ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé èyí dá ìyàwó àbúrò ọkọ mi láre o, nítorí pé bí wáìnì bá tilẹ̀ bàjẹ́, kì í ṣe ojú àwọn àlejò ni a ti ń pè é ní àgbo.