Ibà ọkọ mi ti lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá

Ìyá Tèmi (Lágere, Ifẹ̀): Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ará wa. Láti ọjọ́ Ajé ni ibà ti dá ọkọ mi wólẹ̀. Ẹni ọdún 43 ni, fọkanáísà ni. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ojú ń ro ó, gbogbo oríkèé ń dùn ún. Ó lo oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta tán. Àná la yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí màléríà. Láàárọ̀ yìí ara rẹ̀ tutù, mo ti ń dúpẹ́. Àfi bó ṣe di ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti bì, inú ń run ún burúkú, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn, pé ibà ti lọ. Ṣé kó di àárọ̀?

Bàbá Ọlá: Ìyàwó wa, àárẹ̀ ibà ni. Ẹ fún un ní ibuprofen, kó sinmi.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Iléṣà): Rárá o, ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀! Ẹ gbé e lọ sí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ yẹn, nísinsìnyí. Bàbá, ẹ má bínú sí mi: kò gbọdọ̀ lo ibuprofen tàbí aspirin, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Mi ò tíì rí i, ṣùgbọ́n ó jọ ibà dẹ́ńgì. Ẹ̀fọn tó ń jẹni ní ojúmọmọ ló ń gbé e kiri, ó sì fẹ́ràn omi òjò inú táyà àlòkù. Ìgbà tí ara bá tutù, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, gan-an ni ewu rẹ̀ ń dé. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò láti inú iṣan bọ́ sínú ikùn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ìfúnpá á já wálẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, ìtọ̀ á dín, ara ò ní gbélẹ̀. Àgbàlagbà lè máa yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, nǹkan oṣù obìnrin lè máa ya, ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ fún dókítà.

Kúnlé (Mọdákẹ́kẹ́): Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é nígbà tí mo wà ní Brazil, ẹ̀ẹ̀kejì ló fẹ́ gbé mi lọ. Oríṣi mẹ́rin ni kòkòrò rẹ̀. Ẹni tó ti kó ọ̀kan rí tó tún wá kó òmíràn, ó lè le jù. Ẹ ní kí wọ́n wo PCV rẹ̀ (ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó) àti platelet rẹ̀ (èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì). PCV tó ń gòkè kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ níbí o, ẹ̀jẹ̀ ló ń ki. Platelet tèmi já sí 21,000. Ó yẹ kó tó 150,000.

Ìyá Tèmi: Ó kọ́kọ́ yarí, àfìgbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ti dé pàjáwìrì. PCV rẹ̀ 52, platelet 44,000. Wọ́n ti fa omi sí i lára, wọ́n ní kí n máa wọn ìtọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wákàtí mẹ́rin bá kọjá tí kò tọ̀, ẹ má tijú, ẹ pè wọ́n.