Báwo ni ìròyìn káńsù ṣe lè máa tètè dé ìlú wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlú Ìgbómìnà kékeré kan ní gúúsù Kwara ni mo ti ń kọ̀wé. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ jìnnà sí wa, ìròyìn ibẹ̀ kì í sì í tètè kàn wá. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ara ògiri sẹkitéríàtì ni wọ́n lẹ ìkéde mọ́. Ta ni yóò wọ mọ́tò lọ ka ìwé lára ògiri? Ọjà ni ìyàwó àbúrò mi ti gbọ́. Ó sáré pọn ọmọ, àmọ́ kó tó débẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń di kúlà wọn. Ó dùn mí gan-an.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ó yẹ ká máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Mo rò pé ká dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà ńkọ́? Ṣé kí ìyálọ́jà, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ máa kéde ni? Ta ló ń ṣe é ní ìlú tiyín, ta sì ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ní káńsù? Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba dáhùn láàárín ọjọ́ 7 bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé béèrè ìròyìn lọ́wọ́ wọn. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi kọ̀wé sí káńsù rí? Ṣé kí lẹ́tà gba ọ̀dọ̀ Kábíyèsí ni, àbí ọ̀dọ̀ kánsílọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.