Iná wo ni kò sí nínú ẹ́ńjìnnì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo ti ka àbá mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì gbé kalẹ̀ nípa àwọn ọkọ̀ àtijọ́: "amúnáwá" fún kọ́ìlì tó ń sọ iná bátìrì di ńlá, "ìfarakanra" fún kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì inú dìsìtíríbútọ̀ tó ń so iná kọ́ìlì tó sì ń já a, "olùpínná" fún dìsìtíríbútọ̀ tó ń pín iná ńlá náà fún àwọn púlọ́ọ̀gì, "àbẹ́là ẹ́ńjìnnì" fún púlọ́ọ̀gì tí iná ń fò lẹ́nu rẹ̀ láti ran epo. Mo sì ka èsì àwọn tó ní kí a fi ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì sílẹ̀ bó ṣe wà. N kò gbè sẹ́yìn ìhà kankan. Orúkọ irin la ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ "iná" fúnra rẹ̀ ló ń da ọmọ iṣẹ́ láàmú jù.

Ẹ mú Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Réwáyà dé, ó ní, "Kò níná." Iná wo? Iná fóltì 12 tó ń ti ara bátìrì bọ̀ ni àbí iná ńlá tí kọ́ìlì ń bí, tó lè tó fóltì 20,000? Àbí èyí tó ń fò láàárín ẹnu púlọ́ọ̀gì? Àbí iná tí epo bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ gbà kí písítìn tó sáré? Mẹ́rin ni wọ́n, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó sọnù nínú wọn yóò ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin fún ọkọ̀ tí wáyà kan ṣoṣo já lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí àwọn àgbà ọ̀gá nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í fi orúkọ pín iná níyà, ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á ní iná "kò dé" kọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì "kò ta", epo "kò ràn". Ohun tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Wọ́n á ṣí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gbé gílóòbù kékeré sí ẹnu kọ́ìlì tí wọ́n kọ 15 sí. Bó bá tàn, iná dé nìyẹn. Wọ́n á gbé e sí ẹnu kejì, èyí tí wọ́n kọ 1 sí, kí ẹnì kan máa yí ẹ́ńjìnnì: gílóòbù gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú. Bí kò bá ṣẹ́jú, ó di ẹjọ́ kọ́ńtáàtì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa wáyà àárín dìsìtíríbútọ̀ jáde, wọ́n á fi ẹ̀mú tó ní rọ́bà lọ́wọ́ mú un súnmọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wò bóyá yóò ta. Bó bá ta níbẹ̀, tí kò ta ní púlọ́ọ̀gì, ìdérí dìsìtíríbútọ̀ tàbí rótọ̀ tó ń yí nínú rẹ̀ láti pín iná ni kí wọ́n wò. Bó bá ta dáadáa ní púlọ́ọ̀gì, tí ọkọ̀ kò sì gbọ́, kò ràn nìyẹn: ẹ wá epo lọ, tàbí kí ẹ wo táímìn, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta.

Nítorí náà, "ta" ni kí a dì mú fún ti púlọ́ọ̀gì. Orúkọ ohun tó ń ta ọ̀hún pẹ̀lú ti wà nínú èdè wa. Ìwé Jóòbù 5:7 nínú Bíbélì Yorùbá pè é ní ìpẹ́pẹ́ iná, "ta" yìí kan náà ni ó sì lò fún un. Ẹni tó ní kí a pè é ní "ìṣáná" kò ṣì í nípa ìtumọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n lónìí, páálí ṣáná ni gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńtáàtì ni mo fẹ́ dúró lé. "Ìfarakanra" tẹ̀ lé èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ kan, ó sì sọ ìdakejì iṣẹ́ irin náà. Nígbà tí irin méjèèjì bá fara kanra, iná bátìrì kàn ń gba inú kọ́ìlì kọjá ni, ó ń kó agbára òòfà jọ síbẹ̀, kò sí ohun tó ń ta. Ìgbà tí ọ̀pá inú dìsìtíríbútọ̀ bá yí, tí ìké rẹ̀ ti irin kan kúrò lára èkejì, ni iná já lójijì. Agbára òòfà inú kọ́ìlì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wíwó yẹn ló sì bí iná ńlá. Ìyapa ló ń bí ìpẹ́pẹ́. Ìdí nìyí tí àlàfo irin méjèèjì fi ṣe pàtàkì: nǹkan bíi mìlímítà 0.4 ni ti Ìjàpá. Bí wọn kò bá ṣí rárá, ọkọ̀ kú. Bí ẹnu wọn bá jó tàbí tó dọ̀tí, ìpẹ́pẹ́ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú dípò kó dúdú bí aró kó sì dún.

"Ajáná" ni mo dá lábàá. Ẹnì kan yóò sọ pé òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó wá já iná ilé onígbèsè ni ọ̀rọ̀ yẹn ń rán òun létí. Ó dára bẹ́ẹ̀! Iṣẹ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti inú ọkọ̀ a máa dá a padà kíákíá.

Kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná jó ẹnu irin méjèèjì, kò yẹ kó fa ìjà. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Amúnáwá" kò ṣeé gbà. Jẹnẹrétọ̀ ti gba orúkọ yẹn ní gbogbo àdúgbò, àti pé kọ́ìlì kò mú iná wá láti ibì kankan, èyí tí wọ́n fún un ló ń sọ di ńlá. "Olùpínná" tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ "olù" ti ga jù fún ike àti bàbà, "apínná" tó.

Ti "àbẹ́là", mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti rí i, inú mi sì dùn sí i. Àwọn ará Brazil ń pe púlọ́ọ̀gì ní vela, ọ̀rọ̀ Pọtogí tí wọ́n ń pe àbẹ́là, òun náà ni àbẹ́là tiwa ti wá. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, bougie ti Faransé ni wọ́n ń lò, àbẹ́là náà ni. (Delco ni àwọn kan náà ń pe dìsìtíríbútọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí Kettering àti Deeds dá sílẹ̀ ní Dayton, Ohio, ní 1909. Ta ló wá ní kí a máa tijú ọ̀rọ̀ àyálò?) Síbẹ̀, àbẹ́là máa ń jó jẹ́ẹ́ títí tí yóò fi tán. Púlọ́ọ̀gì kì í jó: ó ń ta, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń ta. Bí a bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé àbẹ́là "jó", yóò rò pé ó ti bàjẹ́. Púlọ́ọ̀gì ni kó máa jẹ́.

Bí èmi ni mo ń kọ ìwé náà, àkọlé orí ibẹ̀ kò ní jẹ́ orúkọ irin rárá: Iná kò dé, Iná kò já, Iná kò ta, Epo kò ràn. Ọmọ iṣẹ́ á mọ orí tí yóò ṣí kí ó tó mú sípánà.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ òjò, bí ìdérí dìsìtíríbútọ̀ bá ti sán, ìpẹ́pẹ́ a máa gba ojú ibi tó sán lọ sára irin dípò kó lọ sí púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá ṣí ìdí Ìjàpá nínú òkùnkùn, ẹ ó rí i kedere. Ṣé ká ní iná ń "jò" ni àbí ó ń "sá"? "Sá" ni mo fara mọ́, torí ohun tó bá ń jò á máa kán díẹ̀díẹ̀ bí èyí tó kù ti ń lọ síbi tó yẹ, èyí sì ń lọ tán pátápátá.