Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè fi hàn pé kámẹ́rà mi kì í ṣe ohun tí mo rà lájò?

Ayàwòrán, Georgia

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí kí ọjọ́ ìrìn-àjò mi tó pé. Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì fẹ́ lò ó fún, nítorí Ojúde Ọba. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n wá ya àwòrán ẹgbẹ́ wọn níwájú ààfin, n kò sì ráàyè. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti pinnu pé mo máa lọ.

Kámẹ́rà méjì, lẹ́ǹsì mẹ́rin, laptop kan àti fóònù mi ni mo fẹ́ gbé dání. Èyí tó dára jù nínú kámẹ́rà méjèèjì, àlòkù ni mo rà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó fi iṣẹ́ àwòrán sílẹ̀. Owó ni mo kà lé e lọ́wọ́, kò sí rìsíìtì kankan láàárín wa. Ní ti laptop, ọmọ mi ọkùnrin ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, n kò sì lè máa bi ọmọ ní rìsíìtì ẹ̀bùn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé, nígbà tí mo ń bọ̀ láti ìrìn-àjò kan ní ọdún méjì sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí báàgì mi, ó mú lẹ́ǹsì kan tó ṣì ń dán, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí níbi tí mo ti rà á. Òótọ́ ni mo sọ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó béèrè ẹ̀rí, ọwọ́ mi ṣófo. Ó jẹ́ kí n lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, n kò sì rí ẹ̀bi rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ká ní ó sọ pé kí n san owó ibodè lórí ohun tí mo gbé kúrò nílé, kí ni ǹ bá fi hàn án?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni tí kò ní rìsíìtì lè ṣe kí ó tó kúrò nílé?

Ìyá Ìbejì, Maryland

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o. Fọ́ọ̀mù kan wà tí àjọ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, ìyẹn CBP, ṣe fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Nọ́ńbà fọ́ọ̀mù náà ni 4457, ẹ ó sì rí i lórí ìkànnì wọn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra yín. Orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti àkọsílẹ̀ ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó kọ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbé fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú àwọn ohun èlò fúnra wọn lọ sí ọ́fíìsì CBP, kí òṣìṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ló wà lára kámẹ́rà. Bí ó bá ti dá a lójú, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì lu òǹtẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìwé náà kì í ṣe ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n kọ sí i bá ṣì ṣeé kà, ẹ lè máa lò ó fún ìrìn-àjò mìíràn.

Ẹ wá fi èyí sọ́kàn: kí ẹ tó kúrò ní Amẹ́ríkà ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí ohun tí ìwé náà ń jẹ́rìí sí ni pé ohun èlò yìí wà lọ́wọ́ yín níbí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá dé Èkó kí ẹ tó rántí, ó ti bọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka àìsí rìsíìtì yín sí ìṣòro ńlá. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ béèrè àkókò tí wọ́n máa ń dá ènìyàn lóhùn, kí ẹ má fi í di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọkọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston

Ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì péye. Mo kàn fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ohun tí a bá ti rà ní Amẹ́ríkà kò lè di ọ̀ràn ní bodè Amẹ́ríkà. Òfin wọn ni pé ọjà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè lè di ohun tí wọ́n ń gba owó ibodè lé lórí nígbàkúùgbà tó bá tún wọlé, àfi bí ẹni tó ni ín bá ní ẹ̀rí pé ó ti wà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ara kámẹ́rà yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí Japan tàbí Thailand níbẹ̀, kí ẹ sì rí China lẹ́yìn laptop. Ojú lásán kò lè sọ fún òṣìṣẹ́ pé Georgia ni ẹ ti rà á, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan lájò.

Owó ọjà tí ẹ rà lájò tí wọ́n fojú fò dá fún olùgbé Amẹ́ríkà tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ jẹ́ dọ́là 800, bí ó bá ti lo ó kéré tán wákàtí 48 níta, tí kò sì tíì lo àǹfààní náà láàárín ọjọ́ 30 tó kọjá. Aṣọ òkè tí ẹ rà, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà, títí kan ẹ̀bùn tí mọ̀lẹ́bí fún yín, inú 800 yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Kámẹ́rà yín kò sí nínú rẹ̀ bí ẹ̀rí bá wà. Bí kò bá sí, wọ́n lè kà á mọ́ ohun tí ẹ rà, kámẹ́rà kan ṣoṣo á sì gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nǹkan mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rántí: bí ojú laptop yín bá fọ́, tí ẹ bá gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá padà. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ohun èlò yín lájò jẹ́ ohun tí òfin ní kí ẹ kéde, kódà bí oníṣẹ́ náà kò bá gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ gba rìsíìtì àtúnṣe náà.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Kí ló dé tí ẹ ń dààmú ara yín tó báyìí? Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù bá yín kọ rìsíìtì sí orí bébà rẹ̀, kí ó fi déètì àtijọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìmọ̀ràn yìí. Ohun tí obìnrin yìí ní, tirẹ̀ ni, òógùn ojú rẹ̀ ló fi rà á. Ìwé èké ló lè sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ lórí ohun tí kò jí. Irọ́ pípa fún aṣọ́bodè lè jẹ́ kí wọ́n gba ohun èlò náà, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e, ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá sì tíì dúró dáadáa lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà tó ju ti kámẹ́rà lọ. Mo mọ̀ pé ire lẹ gbèrò, àbúrò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó mọ́ wà, kò sì ná wa lówó.

Bàbá Àgbà, London

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ní ti àwa tí a wà ní Gẹ̀ẹ́sì, rìsíìtì ni mo máa ń gbé dání. Pọ́ọ̀n 390 ni iye ọjà tí ẹni tó bá bá ọkọ̀ òfurufú èrò wọlé lè kó wá láìsan nǹkan, bí ohun kan ṣoṣo bá sì ju iye yẹn lọ, orí gbogbo owó rẹ̀ ni wọn yóò ti gba owó ibodè àti VAT, kì í ṣe orí èlé nìkan. Ọkọ àti aya kò lè da tiwọn pọ̀ láti fi gba laptop kan kọjá. Ohun tí a gbé jáde láti ilé tí a sì ń gbé padà bọ̀ kò sí lára èyí, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ lè fi í hàn bí wọ́n bá béèrè. Ìwé adójútòfò ilé mi, tó to kọ̀ǹpútà mi lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń gba ìwé adójútòfò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí náà, ẹ wo tiyín bóyá kámẹ́rà wà nínú rẹ̀.

Oníṣẹ́ Fóònù, Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi máa ń kọ nọ́ńbà ohun èlò fún àwọn oníbàárà mi, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ ó ti rí i. Ní ti fóònù, ẹ tẹ *#06#, IMEI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, yóò yọ. Ti laptop máa ń wà ní abẹ́ ikùn rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré gan-an, ẹ lo fóònù láti yà á kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Ti kámẹ́rà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí lábẹ́ ojú tí ẹ fi ń wò ó. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà sì máa ń kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ sínú àwòrán tó bá yà, nítorí náà, àwòrán tí ẹ yà ní Georgia lọ́dún tó kọjá lè ti fìdí ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀, bí kò tilẹ̀ rọ́pò fọ́ọ̀mù tí Ìyá Ìbejì sọ. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ẹ má sì gbé nǹkan kan wá nínú páálí rẹ̀: páálí ló ń jẹ́ kí ohun tí ènìyàn ti lò fún ọdún mẹ́ta dà bí ọjà lójú aṣọ́bodè, níbí àti lọ́hùn-ún.

Ayàwòrán, Georgia

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo lọ sí ọ́fíìsì CBP ní àná. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi tó ta kámẹ́rà náà pé kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tí mo rà á, kí ó fọwọ́ sí i, mo sì mú ìyẹn náà lọ, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ó dojú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan dé lórí tábìlì, ó tan iná fóònù sí ìdí rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fọ́ọ̀mù bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tó parí, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí àyè tó ṣófo kí ẹnikẹ́ni má baà lè kọ nǹkan kún un, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Lẹ́ǹsì kẹrin nìkan ni kò gbà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́ láti inú lílò ọdún pípẹ́, ó sì sọ pé òun kò lè kọ ohun tí òun kò rí. Mo ti dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mẹ́ta tó kù á tó fún Ojúde Ọba.