Ta ló ṣì ń fowó ra ìwé ìròyìn láyé ìsìnyí?

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ́fíìsì wa kò sẹ́ni tó ń ra ìwé ìròyìn mọ́, ọ̀gá wa pàápàá tó jẹ́ àgbàlagbà, PDF ló ń kà, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tí ẹnìkan á ti kó Punch, Vanguard, Tribune, gbogbo ẹ̀ pátá sínú gúrúùpù WhatsApp, ọ̀fẹ́. Ẹni tí ò bá rí i kà níbẹ̀ á gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀, torí wọ́n á ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì yẹn, wọ́n á túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n á tún fi ọ̀rọ̀ tiwọn lé e. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ìwé tuntun lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀ lójoojúmọ́. Ta ló ń rà á? Níbo lowó oṣù àwọn akọ̀ròyìn ti ń wá? Àbí wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ nítorí ojú ayé ni?

Fẹ́ńdọ̀_Mọ́kọ́lá:
Èmi tí mò ń tà á rèé, ẹ jẹ́ n dáhùn. Àwọn tó ń rà á ṣì wà, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ rò. Lọ́yà wà ńbẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba wà ńbẹ̀, báǹkì, àti àwọn bàbá tó ti rẹtáyà tí wọn ò fẹ́ kí fóònù ba ojú wọn jẹ́. Ọjọ́ tí èèyàn ńlá bá kú, kí aago mẹ́wàá tó lù ó ti tán, torí àwọn kan fẹ́ kó o pamọ́. Àwọn tó kù, a-kà-má-rà ni gbogbo wọn. Wọ́n á yí tábìlì mi ká láti aago méje, wọ́n á ja ìjà APC àti PDP, wọ́n á ja ti Arsenal àti Chelsea, wọ́n á ka àkọlé tán, ó dàárọ̀. Mi ò bínú sí wọn o, bí wọn ò bá dúró ńbẹ̀ ẹni tó fẹ́ rà ò ní yà rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jókòó ṣí inú ẹ̀ kà, èmi ò lójú ẹ̀.

Ohun tó ń pa wá ni iye tí wọ́n ń tà á. Òkè òkun ni bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti 2023. Bẹ́ẹ̀ a kọ́ iléeṣẹ́ bébà sí Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a kọ́ ti Jẹ́bbà, a kọ́ ti Oku-Iboku ní Akwa Ibom torí bébà ìwé ìròyìn gan-an. Ẹ wo ibi tí gbogbo ẹ̀ já sí. Ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Akọ̀wékọwúrà:
@ỌmọÒkèÀdó, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń rà á lowó ti ń wá. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ìpolówó ìwé ìròyìn kan, mi ò ní dárúkọ wọn, owó tó ń ti ọ̀dọ̀ fẹ́ńdọ̀ wá, agbára káká ló fi ń ká bébà, yíǹkì àti dísù jẹnẹrétọ̀. Ohun tó ń bọ́ wa ni change of name! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọge tó ṣègbéyàwó tó fẹ́ yí orúkọ ẹ̀ padà ní báǹkì tàbí lórí pásípọ́ọ̀tù, ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ ẹ̀ kọ lórí sátífíkéètì, gbogbo wọn ni wọ́n máa ní kó lọ gbé e sínú ìwé ìròyìn. Èmi tí wọ́n ń pè ní Miss Lágbájá tẹ́lẹ̀, Mrs Tàmẹ̀dù ni mò ń jẹ́ báyìí, kí gbogbo ayé gbọ́. Ìlà bíi mélòó kan, lẹ́tà tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí, àmọ́ ẹ bá mi ka iye tó wà lójú ìwé kan ṣoṣo. Ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ gan-an ni báǹkì sì fẹ́ rí, wọn ò ní gba líǹkì lọ́wọ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfin. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC gbọ́dọ̀ gbé e sínú ìwé ìròyìn méjì. Òfin ìgbaṣẹ́ṣe ìjọba àpapọ̀ ti 2007 náà ní kí wọ́n máa polówó iṣẹ́ kọngílá sínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn òfin, òkú: odidi ojú ìwé, fọ́tò aláràbarà, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ pẹ̀lú oyè wọn. Lẹ́yìn òkú, ọjọ́ ìbí gómìnà. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn o, torí ẹni tó gba ojú ìwé ńlá lọ́wọ́ yín ní Monday, ta ló fẹ́ kọ ìròyìn burúkú nípa ẹ̀ ní Tuesday? Ẹ rántí ìwé ìròyìn NEXT ti Délé Olójèdé, ẹni tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n fi ń yẹ́ akọ̀ròyìn sí ní Amẹ́ríkà, ní 2005. Wọ́n ṣe ti bébà, wọ́n ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọ̀pọ̀ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ Twitter, ìwé ẹ̀ mọ́, ìròyìn ẹ̀ le, síbẹ̀ ó kú ní 2011. Ìpolówó ò tó.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú wa náà rí i ní London níbí. The Independent dá bébà dúró ní March 2016, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù. Evening Standard tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2009, lẹ́nu ọ̀nà stéṣọ̀n la ti ń mú un, ìgbà tí WiFi wá wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀, tí kòrónà tún sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé, kò rí ẹni mú un mọ́, ní 2024 wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni o! Èèyàn ò mú ọ̀fẹ́.

Lójú tèmi New York Times ló gbọ́n jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011, wọ́n ra eré Wordle ní 2022, wọ́n tún ń ta bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ. Ọmọ mi ń sanwó fún wọn, kì í ka ìròyìn kankan, eré ló ń ṣe! The Guardian ti ibí ò tilẹ̀kùn ní tiwọn, wọ́n á kàn bẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ pé dákun fún wa ní nǹkan, mo sì máa ń fún wọn nígbà míì. Kí ló dé tí àwọn tilé ò lè gbé ayò ọlọ́pọ́n síbẹ̀?

Ṣẹ́gun_Dátà:
Àǹtí, ẹ ṣé, àmọ́ ti Nàìjíríà yàtọ̀ jàre. Dátà tí mo fi ń ṣí ìkànnì wọn ńkọ́, ta ló san án? O máa tẹ àkọlé kan, "Wo ohun tí ìyàwó pásítọ̀ ṣe lóru", ìpolówó mẹ́rin á bo ojú fóònù, o máa wá bọ́tìnnì tí wàá fi pa á títí, ìgbà tó o bá débẹ̀ tán kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Kí wọ́n wá ní kí n sanwó? Àwọn tí mo lè sanwó fún ni irú Premium Times, wọn ò tẹ bébà láti 2011 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tó tú àṣírí Panama Papers ní 2016, ìyẹn ìwé nípa àwọn olówó tó ń kó owó pamọ́ sókè òkun. Àmọ́ àwọn náà, owó àwọn àjọ òkè òkun wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ọ̀rẹ́Aláròyé:
Ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ ń sọ láti àárọ̀, ó dùn mí o. Ìwé Ìròyìn tí òyìnbó míṣọ́nnárì Townsend bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859, Yorùbá ló fi kọ ọ́, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ní 1929 Akéde Èkó ti I. B. Thomas ń gbé lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, obìnrin tó fi ayé ẹ̀ jayé tó wá ń jẹ́wọ́, Thomas fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́ àmọ́ àwọn kan gbà pé òótọ́ ni, ẹni tó bá ka ti ọ̀sẹ̀ yìí, dandan ni kó wá ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣe fíìmù apá kìíní apá kejì lórí YouTube, ọgbọ́n yẹn náà ni.

Aláròyé tí Alàó Adédayọ̀ gbé dìde, 1996 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyá ọlọ́jà, dẹ́rẹ́bà, télọ̀, owó àpò wọn ni wọ́n fi ń rà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ti yàtọ̀ sí tiwa nìyẹn: báǹkì wo ló máa ní kó o lọ gbé change of name sínú ìwé Yorùbá? Torí ẹ̀ bí òǹkàwé ṣe ń lọ lowó ń lọ. Rédíò mú díẹ̀, Facebook mú díẹ̀, BBC Yorùbá tún dé ní 2018, ọ̀fẹ́ lòun náà, owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Tèmi ni pé kí ìwé Yorùbá máa ka ara ẹ̀ sókè, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí WhatsApp wa láàárọ̀, kí wọ́n gba owó ráńpẹ́ lóṣù. Màmá mi ò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, àmọ́ etí wọn gbọ́ràn dáadáa, wọ́n á san án.

ỌmọÒkèÀdó:
Ẹ ṣé gan-an, mi ò mọ̀ pé ó jinlẹ̀ tó báyìí. @Akọ̀wékọwúrà, tí báǹkì bá wá gba líǹkì lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Akọ̀wékọwúrà:
Ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti géètì. Mi ò ṣàwàdà.

Ṣẹ́gun_Dátà:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má bínú, ìyàwó mi fẹ́ ṣe ti pásípọ́ọ̀tù, kí ló máa mú dání?

Akọ̀wékọwúrà:
Kó kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù, kó gba ìwé ìbúra. Kó kọ orúkọ àtijọ́ bó ṣe wà lórí NIN ẹ̀ láìyọ lẹ́tà kan. Ọ́fíìsì ìwé ìròyìn gan-an ni kó lọ o, kó má kó owó fún àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró lẹ́nu géètì. Tó bá jáde, kó ra méjì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù, ọ̀kan fún ilé.

Fẹ́ńdọ̀_Mọ́kọ́lá:
Lọ́wọ́ mi ni kó ti rà á o 😂 màá tọ́jú ẹ̀ dè é.