Ṣé "ẹ̀dà" tó fún Cc?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe Cc inú ímeèlì, ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì ẹni tí a kàn fẹ́ kó rí lẹ́tà tí a kọ sí ẹlòmíràn, ní "ẹ̀dà". Àwọn kan fara mọ́ "alábàápín". Èmi ò gba ìyẹn. Ẹni tí a kàn fi ọ̀rọ̀ tó létí kò bá wa pín nǹkan kan, olùgbọ́ ni.

"Ẹ̀dà" ní ìtàn ní tirẹ̀. Carbon copy ni C méjì yẹn dúró fún: pépà dúdú tí àwọn atẹ̀wé máa ń kì sáàárín bébà méjì, tí ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ti òkè á fi hàn lára ti ìsàlẹ̀. Bébà ìsàlẹ̀ ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Cc tòní ń bínú.

Ní ọ́fíìsì wa ní Ìlọrin, mo kọ ímeèlì sí àǹtí kan tó jù mí lọ dáadáa, torí ìjábọ̀ iṣẹ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Inú ń bí mi. Mi ò kí wọn, mo kàn já wọnú ọ̀rọ̀, mo sì fi orúkọ ọ̀gá wa sí Cc. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ̀dà lásán ni."

Wọ́n ní, "Ẹ̀dà kọ́. O fẹjọ́ mi sùn. Ṣé o ò lè rìn dé ọ̀dọ̀ mi ni?"

Yàrá kan péré ló wà láàárín wa. Mi ò lè fọhùn.

Nǹkan méjì la ń pe ní Cc. Kí "ẹ̀dà" dúró fún èyí tí kò ní ìbínú nínú. Èyí tí a fi ń halẹ̀ mọ́ ẹnìkejì, "ẹ̀dà ìfẹjọ́sùn" ni mo pè é. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n gé e kúrú sí "ẹ̀dà ẹjọ́", ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni ọkàn èèyàn á lọ.

Ẹnìkan ti sọ níbí pé inú ẹni tó kọ̀wé ni ìbínú wà, pé kò yẹ kí orúkọ dá a lẹ́jọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ímeèlì ò sì ní ojú. Ìdí nìyí tí Scott Fahlman ti Yunifásítì Carnegie Mellon fi dábàá àmì ojú ẹ̀rín, :-), ní 1982, kí òǹkàwé lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ àwàdà. Nínú lẹ́tà tèmi, orúkọ ọ̀gá yẹn nìkan ni ojú tí àǹtí rí.

Ó ku Bcc, níbi tí àwọn yòókù kì í ti í rí orúkọ ẹni tí a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. "Ẹ̀dà ìkọ̀kọ̀" dára fún ẹni tó ń dáàbò bo àdírẹ́sì àwọn èèyàn. Fún ẹni tó ń jẹ́ kí ọ̀gá yọjú wo lẹ́tà láìjẹ́ pé ẹnìkejì mọ̀, ẹ jẹ́ ká yẹ "ẹ̀dà abẹ́ aṣọ" wò.